Bí Iṣu Bá Wà Lórí Iná, Àdúrà Ṣì Lè Wà Lẹ́nu

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàbá wa. Iyán ni mo ń tà ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì níhìn-ín. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí bẹ iṣu, ó sì máa ń lé ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìjọ wa ní kí gbogbo wa máa fi wákàtí kan gbàdúrà láti aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń sùn sí, nígbà míì ọmọ ló máa wá jí mi. Ní báyìí mo ti jáwọ́ pátápátá. Kò sí àdúrà àárọ̀, kò sí talẹ́, àfi ti ọjọ́ Ìsinmi. Láti ìgbà yẹn ni ọjà ti ń fà sẹ́yìn, àwọn mẹkáníìkì tó ń jẹun láwìn lọ́dọ̀ mi náà kò sì sanwó mọ́. Ará ìjọ kan sọ pé ẹ̀mí oorun ló ń bá mi jà. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Áńgílíkà ní kí n máa ka Ìwé Àdúrà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé àdúrà àkàsórí kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀rù ń bà mí pé Ọlọ́run ti bínú sí mi. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, arábìnrin mi. Mo tún lẹ́tà yín kà kí n tó gbé bírò. Bí ẹ ó ṣe máa gbàdúrà lójoojúmọ́ ni ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn tóbi jùyẹn lọ. Lójú tiyín, ẹ̀yin àti Ọlọ́run ti jà, ọjà tí kò yá ni ẹ̀rí ìjà náà, kí ẹ sì tó lè padà, àfi kí ẹ kọ́kọ́ san gbogbo wákàtí tí ẹ ti jẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ kátíkíìsì ni mo ṣe dàgbà, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo sì ti ń kọ́ àwọn tó ń múra fún ìgbọ́wọ́lé bíṣọ́ọ̀bù. Irú ọ̀rọ̀ yín yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Àwọn tíṣà ń bi mí, àwọn ọlọ́kadà ń bi mí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló ń bi mí jù. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rójú, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn wọn pé ẹni tí kò rójú kò lè gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọjà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn yín jù. Ṣé ẹ ti bi ẹni tó ń ta iyán lọ́wọ́ òkè yín bóyá ọjà tiẹ̀ ń yá? Kí iṣu tuntun tó délẹ̀ dáadáa, iṣu àgbà máa ń wọ́n, òkèlè á kéré, oníbàárà á máa kùn, ẹlòmíràn á gba ọ̀dọ̀ onírẹsì lọ. Ẹni tó gbàdúrà àti ẹni tí kò gbàdúrà ni ọ̀wọ́n iṣu ń bá fínra. Bí àìgbàdúrà bá ń lé oníbàárà, kí la fẹ́ sọ nípa àwọn tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rárá tí oúnjẹ wọn sì ń tán kí aago méjì tó lù? Jésù sọ ọ́ kedere nínú Mátíù orí karùn-ún pé Baba ń mú kí òòrùn rẹ̀ ràn sára ẹni rere àti ẹni búburú, ó sì ń rọ̀jò fún olódodo àti aláìṣòdodo. Mi ò ní ṣèlérí fún yín o pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà lọ́la, èrò yóò ya bò yín. Àwọn tó ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ pọ̀, orí rédíò kún fún wọn. Ẹni tó bá tìtorí ọjà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọjọ́ tí ọjà kò bá tà ni yóò jáwọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọjà sí, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé ti àdúrà sí, bí ẹ tilẹ̀ ń fi ọjà sínú àdúrà.

Ó kan ti aago mẹ́ta òru. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi gbà ní ilẹ̀ wa pé àdúrà tí kò gùn tí kò sì pariwo kì í ṣe àdúrà gidi, àfi kó wo ẹ̀yìn wò. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé díẹ̀díẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́ lẹ́yìn odi. Ẹ̀sìn tí wọ́n gbé bọ̀ wálé ni ti agogo àárọ̀ àti agogo ìrọ̀lẹ́: orin kan, Sáàmù kan, àdúrà kúkúrú, kí oníkálukú sì gba oko rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni ti ìsọjí dé. Àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà ti 1918 ló mú kí àwọn ọmọ ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà kíkankíkan, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, iná ìsọjí náà sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Alàayè níhìn-ín, níbi tí wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Láti ibẹ̀ ni ààwẹ̀, orí òkè, àìsùn àti igbe ńlá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìjọ wa, tó fi jẹ́ pé àwa Áńgílíkà pàápàá ń ṣe é báyìí.

Ogún ńlá ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí i. Àrùn ń pa èèyàn bí ẹní pa eṣinṣin, ọwọ́ ìṣègùn kò ká a, wọ́n bá kígbe sí Ọlọ́run tọ̀sán-tòru. Babalọlá fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928, ó sì ní láti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kó tó lè gbé ìgbé ayé àdúrà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kò fi odó sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀, torí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bẹ nínú odó náà. Wọ́n gbé àṣà ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lé ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lórí. Nígbà tí kò gbé e, wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń bá a jà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí oorun yìí, ẹ fi síbẹ̀. Ẹni tó sùn ní aago mẹ́wàá kọjá, tó jí ní aago mẹ́ta, kò tíì sùn tó wákàtí márùn-ún. Bíi wákàtí méje ni ara àgbàlagbà ń béèrè. Iṣẹ́ yín kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Ẹ wá kúnlẹ̀ sínú òkùnkùn, ẹ gbé iwájú orí lé bẹ́ẹ̀dì, ẹ di ojú. Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá á sùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ Gẹtisémánì sí yín létí, níbi tí Jésù ti bi Pétérù bóyá kò lè bá òun ṣọ́nà fún wákàtí kan. Àwọn tó ń kà á kì í sábà ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e dópin, níbi tí Olúwa kan náà ti sọ pé ẹ̀mí ń fẹ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe àìlera fún ara. Ara ló pè é, kò pè é ní èṣù. Ẹ tún wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí kọkàndínlógún: ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tó fi ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò bá a wí, oúnjẹ ló gbé fún un, ó jẹ́ kó tún sùn, ó sì tún jí i kó tún jẹun. Ìgbà tó jẹun tó sùn tán ni ọ̀rọ̀ wá. Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, nígbà tó ń kọ ìlànà àdúrà fún àwọn onílé ní 1529, ní kí wọ́n gba àdúrà kúkúrú lálẹ́, kí wọ́n sì sùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Mo fẹ́ràn ‘lójú ẹsẹ̀’ yẹn. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: bí ẹ bá ń sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oorun ṣì ń gbé yín lọ lórí ìjókòó lọ́sàn-án, tàbí tí òyì ń kọ́ yín, ẹ lọ síléèwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ìyẹn kọjá ohun tí kátíkíìsì lè yanjú.

Kí wá ni àdúrà ojoojúmọ́? Ẹ̀yin tí a tọ́ ní Èkìtì, ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í jí kó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ kọjá láìkí i. Á kúnlẹ̀, ìyá á súre fún un, ó parí. Kò sí ìyá tó máa ní kó fi wákàtí kan kí òun. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìkí i, gbogbo ilé ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀ràn ńlá bá sì dé, tí ọmọ ní láti jókòó ti ìyá rẹ̀ dòru, kíkí tó ti ń kí i lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣòro dá sílẹ̀. Àìsùn ni ìjókòó òru yẹn, ó ní ìgbà tirẹ̀. Àdúrà òòjọ́ ni kíkí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé nígbà tí ẹ kò lè jókòó dòru, ẹ jáwọ́ nínú kíkí pẹ̀lú.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ ka Ìwé Àdúrà kò ṣì yín lọ́nà. Wọ́n ní àdúrà àkàsórí kì í ṣe àdúrà, àbí? Ẹ jọ̀wọ́, lórí àgbélébùú, kí ni Jésù sọ? “Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?” Sáàmù kejìlélógún nìyẹn. “Ní ọwọ́ rẹ ni mo fi ẹ̀mí mi lé,” Sáàmù kọkànlélọ́gbọ̀n. Ohun tó ti kọ́ sórí láti kékeré ló jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà ìrora tó ga jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kó kọ́ àwọn bí a ṣe ń gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tí a lè há sórí ló fún wọn. Àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí sì mú un bẹ́ẹ̀: nínú ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Dìdakè, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìtọ́ni tó pẹ́ jù lọ tí ìjọ ní lẹ́yìn Bíbélì, àṣẹ tí wọ́n pa ni pé kí onígbàgbọ́ gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta péré. Dáníẹ́lì náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, níwájú fèrèsé tó ṣí sí ọ̀nà Jerúsálẹ́mù, òun tí iṣẹ́ ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tó yá ni àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ torí àdúrà, sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀meje lóòjọ́ àti ti òru. Nígbà tí Thomas Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ń ṣe Ìwé Àdúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1549, ó kó gbogbo ìyẹn jọ sí méjì, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí kì í ṣe mọ́ńkì lè rí i ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa.

Àbùkù tiẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ẹnu lè máa sáré lórí rẹ̀ kí ọkàn wà lọ́jà. Mo ti rí àwọn tó ka gbogbo rẹ̀ dópin tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gba ti àtinúwá náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, a ní àkàsórí tiwa. Ẹ fetí sí ẹnikẹ́ni tó ń gbàdúrà níjọ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń yí po. Kò burú. Nígbà tí Jésù kìlọ̀ fún wa nípa àtúnwí asán, ó sọ ohun tó jẹ́ asán náà: àwọn kèfèrí rò pé tìtorí ọ̀rọ̀ wọn tó pọ̀ ni a ó ṣe gbọ́ tiwọn. Ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì ni pé kí èèyàn fi ti àkàsórí bẹ̀rẹ̀, bí ti àtinúwá bá tẹ̀ lé e, kó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín tí ti àtinúwá kò wá, ti àkàsórí á ti gbé yín dé ibi tó yẹ.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ìdí iná yín, báyìí ni n ó ṣe é. Kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀, gbólóhùn kan: “Olúwa, mo jí, ọpẹ́ ni.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tíì kúnlẹ̀, ẹ má tíì jókòó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ń ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jáde, ẹ bọ́jú, ẹ bẹ iṣu, ẹ ṣàn án, ẹ gbé ìkòkò lé iná, ẹ dé e. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ bá ti dé ìkòkò títí iṣu á fi rọ̀, mo mọ̀ pé ẹ kì í káwọ́ gbera, ata ń bẹ láti lọ̀, ẹ̀fọ́ ń bẹ láti já. Ṣùgbọ́n àkókò kékeré kan wà níbẹ̀, nígbà tí ẹ bá ti ti igi wọ inú iná tán, tí èéfín rú, tí ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò ní ṣàì dúró díẹ̀ kí èéfín náà tó lọ. Ẹ nu ọwọ́ sí ìró, ẹ wà lórí ìdúró, ẹ la ojú sílẹ̀ bó bá wù yín, kí ẹ gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ̀sọ̀ gbà á, kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dárúkọ ọmọ yín kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ fi orúkọ ẹnì kan tí yóò jẹun lọ́wọ́ yín lónìí kún un. Kí ẹ wá padà sídìí ata yín.

Bí ẹ bá mọ Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà, ẹ fi kún un nígbà tó bá ti mọ́ yín lára. “Èmi ó gbé ojú mi sórí òkè wọ̀n-ọn-nì.” Ẹni tó bá wà ní Adó tó sì gbójú sókè, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí, nítorí náà ẹ̀yin kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀sán ńkọ́? Ọ̀sán kò ṣeé ṣe, ẹ má da ara yín láàmú. Nígbà tí àwọn ọmọ odó méjì bá ń bọ́ sínú odó kan, tí ẹlòmíràn ń pe ẹran, tí ẹlòmíràn ń pe ṣéńjì, kò sí Àdúrà Olúwa tó lè wọlé síbẹ̀. Gbólóhùn kan ni kí ẹ dì mú fún ìgbà yẹn, bí èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù àádọ́rin: “Ọlọ́run, yára gbà mí.” Nehemáyà gba irú rẹ̀. Ọba béèrè pé kí ló ń fẹ́, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó dá ọba lóhùn. Àárín ìbéèrè àti ìdáhùn ni àdúrà yẹn gbé wáyé, ọba kò tilẹ̀ mọ̀. Obìnrin opó kan tó ń jẹ́ Proba kọ̀wé sí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà níhìn-ín, ní nǹkan bí ọdún 412, ó béèrè ohun tó fara jọ èyí tí ẹ béèrè. Nínú èsì rẹ̀, Augustine sọ fún un nípa àwọn ará ní Íjíbítì tí àdúrà wọn máa ń yá, tó sì máa ń kúrú, kí ọkàn má bàa rẹ̀ kó sì kú. Ó ní sísọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́tọ̀, gbígbàdúrà púpọ̀ lọ́tọ̀. Nígbà alẹ́, lórí ẹní, ẹ fi ẹsẹ tó kẹ́yìn Sáàmù kẹrin parí rẹ̀: “Èmi ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ní àlàáfíà, èmi ó sì sùn.” Bí oorun bá gbé yín lọ kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti ṣe ohun tó wí.

Ìdí tí mo fi so ó mọ́ ìkòkò iṣu dípò aago ni pé aago ń yí padà, fóònù ń kú, iná NEPA ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ọjà tí ẹ kò ní gbé ìkòkò kaná. Ohun tí èèyàn bá so mọ́ nǹkan tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa ń dúró. Àwọn olùwádìí ní University College London gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2009 lórí bí nǹkan kékeré tuntun, bíi mímu omi lẹ́yìn oúnjẹ, ṣe ń mọ́ èèyàn lára. Àárín rẹ̀ jẹ́ bí ọjọ́ 66. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan, fún àwọn mìíràn ó pẹ́ gidi. Wọ́n sì rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò tìtorí ẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o: ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá fo ọ̀la, ẹ má ṣe gba àdúrà méjì lọ́túùnla láti fi dí i. Kò sí gbèsè níbẹ̀. Àwọn tó ń kó àdúrà àná mọ́ tòní ni ẹrù máa ń wọ̀ lọ́rùn tí wọ́n á sì sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ni Jésù ní ká tọrọ, kò ní ká tọrọ ti àná.

Gbèsè tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn mẹkáníìkì yín. Nínú Bíbélì Mímọ́, Mátíù orí kẹfà, bí a ṣe kà á ni: “Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa.” Mo fura pé níbi ìlà yìí ni ẹnu yín yóò ti máa kọ́ ní ìdí iná, torí ojú wọn ni yóò máa wá sí yín lọ́kàn. Ẹ má fò ó. Bí inú bá ń bí yín, ẹ dárúkọ wọn níbẹ̀, kí ẹ sọ fún Ọlọ́run iye tí wọ́n jẹ yín. Èyí kò ní kí ẹ má gba owó yín o. Owó iṣẹ́ yín ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn, ẹ má sì bu oúnjẹ àwìn mọ́ títí wọn á fi san. Ohun tí ẹ ń kó kúrò ni kíkórìíra èèyàn, ìyẹn sì lè gba oṣù. Mo ti mọ àwọn tí kì í ṣe oorun ló lé àdúrà kúrò lẹ́nu wọn bí kò ṣe ìlà kan ṣoṣo yìí, tí wọn kò sì mọ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ máa tẹ̀ lé àdúrà orí fóònù, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀. Fún ẹni tó dá nìkan wà tàbí tó ń ṣàìsàn, ó dára, ohùn èèyàn ń tu èèyàn nínú. Fún ẹni tó ń lọ ata, rédíò ni kò ní pẹ́ dà: ẹlòmíràn ń gbàdúrà, ẹ̀yin ń ṣe àmín. Dátà ń lọ pẹ̀lú. Ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ sàn díẹ̀ bí ẹ bá lè kàwé nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, ṣùgbọ́n ìdájí tiyín, mi ò rí i. Ẹ fi ti ọjọ́ Ìsinmi. Àdúrà ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá jí àwọn ọmọ ní ìdájí. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá wá ràn yín lọ́wọ́ fọ abọ́, orin kan àti Àdúrà Olúwa tó wọn. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ẹ ó rí gbà nídìí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn, ara yín kò ní gbọ̀n. Àwọn ọjọ́ kan á wà tí á dà bíi pé ẹ ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ará Róòmù pé a kò mọ bí ó ti yẹ ká gbàdúrà, Ẹ̀mí ló ń ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fẹnu sọ. Ohun tí mo rí lára àwọn tó bá a lọ ni pé nígbà tó bá pẹ́, wọn kì í bẹ̀rù Ọlọ́run bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń tètè dé bẹ́ẹ̀. Bí ìbànújẹ́ mìíràn bá wà nísàlẹ̀ tí ẹ kò kọ sínú lẹ́tà, bí ọ̀fọ̀ tàbí wàhálà ilé, ìṣẹ́jú kan ní ìdí iná kò ní tó o. Ẹ wá èèyàn gidi tí ẹ ó fojú kojú bá sọ̀rọ̀.

Ti ìlànà ìjọ yín ló kù. Mi ò ní kí ẹ ṣàìgbọràn, mi ò sì ní kí ẹ parọ́ pé ẹ ń jí. Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín lọ́jọ́ tí ara tù ú, ẹ ka wákàtí yín fún un, ìgbà tí ẹ ń sùn àti ìgbà tí ẹ ń jí. Ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò mọ ohun tí iyán ń gbà lára èèyàn, iyán tó ti dénú abọ́ ni wọ́n mọ̀. Ẹ ní ẹ ó máa wá sí àìsùn kan lóṣù, ní òru tí kò ní sí ọjà nígbà tílẹ̀ bá mọ́, kí ẹ sì wá gidi. Àwọn pásítọ̀ tí mo mọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni yóò gbà bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá kọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ kó kúrò nínú ìjọ. Ẹ ní kó yọ̀ǹda oṣù mẹ́ta fún yín kí ẹ fi dán ti ìdí iná yìí wò, kí ẹ wá padà lọ jábọ̀ fún un.